Ọṣẹ Oníwúrà Tí Kì Í Tà

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Mo tún lọ bá mánijà ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa lónìí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé mi lọ sídìí ọṣẹ ìfọṣọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ófátáìmù." Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi ọwọ́ di ọṣẹ ìwẹ̀ olówó ńlá yìí sínú bébà aláwọ̀ wúrà, kò sì tà. Àwọn tá a jọ ń dì í ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tómi, ta ló ní kó tà? Òun ló wà lára bọ́ọ̀dù ìpolówó wa ní Toll Gate. Ọjọ́ tá a bá pa á tì, àwọn oníbàárà á ní a ti ń kógbá sílé, wọn ò ní ra ti ìfọṣọ mọ́. Ọwọ́ yín nìkan ló mọ̀ ọ́n dì. Ẹ ò lọ ibì kankan."

Ó wá fún mi ní ẹyọ kan nínú ọṣẹ oníwúrà náà. Ṣé ọmọdé ni mí ni?

Mo ti wáṣẹ́ dé Agbára. Wọ́n ní mo ti dàgbà jù.

Nígbà tí mo délé, mo ní màá kúkú fi ọṣẹ náà wẹ̀. Bí mo ṣe gbé e sílẹ̀ báyìí, ìyàwó yàrá kejì yọjú: "Háà, Ìyá Tómi, irú ọṣẹ yìí! Ẹ ti gòkè o!"

Mi ò lè sọ fún un pé rárá. Mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á ti rí i.

Ọṣẹ ìfọṣọ ni mo fi wẹ̀.