Ọlọ́bẹ̀ Fẹ́ Di Alábẹ

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Alága ti tún pèpàdé. Bọ̀dá mi nìyẹn — bí iyọ̀ bá tán nílé, àfi kó ṣèpàdé lé e. Ti òní yàtọ̀ ṣá. Ó ní láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún Bàámi, ṣọ́ọ̀bù gbàjámọ̀ wọn kàn wà lásán ni. Bí oṣù yìí bá parí, òun máa gbé e fún ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe. Bàámi kàn ń wo ọwọ́ yẹn lórí itan wọn, bí ẹni ń wo àlejò tó kọ̀ tí ò lọ.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Mo ní, "Ẹ má tì í. Èmi á kọ́ ọ."

Kí ló kúkú wà nínú orí fífá? Èmi tí mò ń dáná nílé ìwòsàn, tí mò ń bó ọ̀dùnkún láàárọ̀ lálẹ́. Abẹ kan, ọṣẹ díẹ̀, orí tó jókòó jẹ́ẹ́. Ó tán.

Ìṣẹ́gun, 5

Bàámi ní kí n lọ ra balúùnù. Mo ní ta ló ń ṣọjọ́ ìbí? Wọ́n ní orí tí mo máa kọ́kọ́ fá nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 7

Fi ọṣẹ pa balúùnù, fi abẹ fá ọṣẹ ọ̀hún kúrò, kó má bẹ́. Iṣẹ́ ọmọdé.

Pàù! Ọṣẹ bo ojú mi, ó bo dígí, ó bo ògiri. Mo fẹ́ òmíràn. Pàù! Bàámi ní kí n rọra ṣe é kí àwọn rí i. Wọ́n wò ó. "Háà! Ọ̀dùnkún lò ń bó!"

Òótọ́ ni. Àtàńpàkò mi ni mò ń fa abẹ bọ̀ wá bá, bí a ti ń ṣe ní kíṣìnì. Bàámi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí omi fi dà lójú wọn. "Ọlọ́bẹ̀ fẹ́ di alábẹ!" Láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti ń bẹ́ balúùnù tipẹ́.

Ẹtì, 8

Pàù. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Àbámẹ́ta, 9

Tírélà wá. Oníbàárà Bàámi látijọ́, ọkọ̀ ńlá ló fi gbogbo ayé ẹ̀ wà, òun fúnra ẹ̀ náà sì tó ọkọ̀ ńlá. Kò sí Àbámẹ́ta tí kì í wá. Á jókòó sórí àga, á sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, á dìde lọ. Kò jẹ́ kí onígbàjámọ̀ míì fọwọ́ kan orí òun, irun sì ti bò ó. Mo ní ṣé kí n bá yín fá a? Ó wò mí, ó wo àkísà balúùnù nílẹ̀.

"Ọmọ mi, o ṣé. Jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀."

Ọjọ́rú, 13

Kò bẹ́ mọ́! Mo fá a títí ó fi ń dán, mo gbé e lọ bá Bàámi bí ẹni gbé ìkókó. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ balúùnù ò nírun, kò ní ìpàkọ́, kì í sì í wúkọ́. Ibi tí irun bá kọrí sí ni kí abẹ kọrí sí. Ìka ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú.

Mo wá ń fọwọ́ pa orí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa bi mí bóyá ara mi yá.

Àbámẹ́ta, 16

A kì í fárí lẹ́yìn olórí — olórí dà? Kò sẹ́ni tó gbà. Àfi Alága. Alága fúnra ẹ̀! Ó ṣí fìlà, ó jókòó. "Fá tèmi, ká lè mọ ibi tọ́rọ̀ wà."

Apá kan lọ dáadáa. Mo dé ẹ̀yìn etí, awọ ká jọ, abẹ wọlé. Ẹ̀jẹ̀. Kò pariwo. Ó fi ìnujú di etí mú, ó ní, jẹ́jẹ́, "Àbúrò mi, o gbìyànjú. Ó tó." Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ń bọ̀ wá wọn ṣọ́ọ̀bù ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Mo lọ sunkún ní ẹ̀yìnkùlé. Mo sun ún dáadáa.

Àìkú, 17

Bàámi pè mí. "Ọwọ́ òsì rẹ ń sùn."

Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ló ṣá Bọ̀dá lábẹ kẹ̀. Wọ́n ní irọ́, ọwọ́ òsì ló ń fárí. Òun ló ń na awọ, òun ló ń sọ fún orí pé kó fara balẹ̀. Ọ̀tún kàn ń tẹ̀ lé e ni. Láti kékeré ni mo ti ń wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, abẹ nìkan ni mò ń wò.

Ìṣẹ́gun, 19

Ààbọ̀ orí Alága ṣì wà lábẹ́ fìlà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ó ní òun ò ráyè lọ ibòmíràn. Irọ́ ńlá. Bọ̀dá mi àtàtà! Mo fá a tán, kò sẹ́jẹ̀. Síbẹ̀ kò sọ pé òun ò ní gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹni fóònù mọ́.

Àbámẹ́ta, 23

Ẹni fóònù dé pẹ̀lú téèpù, òun àti Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàámi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. Tírélà náà dé. Ó fọwọ́ pa orí Alága, ó ní ta ló fá eléyìí? Wọ́n nàka sí mi. Ó jókòó, ó dijú.

Mo fi òsì na awọ, ọ̀tún tẹ̀ lé e. Iwájú lọ. Ẹ̀gbẹ́ lọ. Mo dé ìpàkọ́ — kókó! Kókó kan ló fara pa mọ́ sábẹ́ irun, ó tó ẹyin ẹyẹlé, awọ orí ẹ̀ fẹ́lẹ́. Òsì mi ò mọ ibi tó máa gbà. Ọwọ́ mi dúró. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ti ń gbé abẹ sílẹ̀.

Mo gbọ́ tí ọ̀pá ìtilẹ̀ Bàámi ṣubú. Wọ́n ti dìde. Wọ́n fara ti ẹ̀yìn mi, gbogbo ìwúwo wọn wá sọ́rùn mi, ọwọ́ òsì wọn gba abẹ́ apá mi kọjá, ó bà lé orí Tírélà, ó na awọ.

"Ó yá. Máa tẹ̀ lé mi."

Mo tẹ̀ lé wọn. A yí kókó yẹn ká, ọwọ́ wọn níwájú, abẹ mi lẹ́yìn. Kò sẹ́jẹ̀. Mo gbọ́ tí Alága ń sọ fún ẹni fóònù pé kó jọ̀ọ́, kó lọ wá ibòmíràn.

Tírélà ò lajú. Ó kàn mí kanlẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ibo lẹ ti lọ látọjọ́ yìí?"

Bàámi ní, "A ò lọ ibì kankan."