Ibi tí Fíìmù Parí Sí

Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kejì, 2025. Tchatchou.
Rédíò – Hawaou, àbúrò ọkọ mi obìnrin, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ – fi fíìmù kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Opó ni obìnrin inú rẹ̀. Wọ́n to fìlà àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀ kó mú ẹni tí yóò fẹ́. Ó mú ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ijó bẹ̀rẹ̀, ó parí. Inú bí mi. Ta ló ń fi ẹ̀rín mú fìlà? Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ọkọ mi kú, opó ṣíṣe mi ti parí, Alidou àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣú mi lópó. Jímọ̀, 21, ni wọn yóò to fìlà tiwọn.

Àìkú, 9.
Kajú pọ̀ nílẹ̀. Mo ṣa á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 12.
Mo bú fíìmù yẹn lójú Tata Bùkọ́lá, olùkọ́ obìnrin tó ń gbé nítòsí wa. Ó ní, "Inú ìwé ni wọ́n ti mú un o. Bon, lọ kà á ná, Ìyá Zoulfath, kó o tó máa bú u." Ó yá mi. Faransé ni, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Mo gbà á torí ojú Tata ni.

Jímọ̀, 14.
N kò lè gbé e sílẹ̀. Ọbẹ̀ jóná. Obìnrin inú ìwé ò mú fìlà kankan – ó ré wọn kọjá, ó jáde! Ẹni tó kọ ọ́ mọ inú mi.

Ajé, 17.
Mo ti dé ibi tó burú. Ẹbí ọkọ rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó kọ̀. Ẹ̀yìn ilé wọn ló ń gbà lọ sóko, kó lè gbọ́ ohùn ọmọ náà. Fíìmù ò débẹ̀. Mo wo Zoulfath ọmọ mi, ó ń fi èso kajú ṣeré. Mo fẹ́ràn ìwé yìí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Ṣé kí n mú fìlà Alidou? Kì í ṣe èèyàn burúkú. N kò kàn fẹ́ ẹ ni.

Ìṣẹ́gun, 18.
Màmá, ìyá ọkọ mi, ní kí ló ń pa mí lẹ́kún. Mo sọ ìtàn ìwé náà fún un bí a ti ń ṣa kajú. Ó wá ní, "Bàbá Alidou, àbúrò ọkọ mi àkọ́kọ́ ni. Wọ́n kàn fi fìlà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi mí." Ó ń ṣa kajú rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20.
Ọ̀la ni.

Jímọ̀, 21.
Mo kọ̀. Mo fi ẹnu sọ ọ́. Tonton Salifou, àgbà ẹbí, tún bi mí. Mo tún sọ ọ́. Alidou ò pariwo. Ó ní, "Voilà, kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò ní kúrò nílé yìí." Rédíò ti di Zoulfath lọ́wọ́ mú.

Màmá dìde. Ó gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n. Ó wo Alidou, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ó ní, "Ibi tí mo bá wà ni ọmọ yìí máa wà. Èmi náà kọ̀ lónìí." Ó jáde. Lẹ́bàá ọ̀nà ló ti dúró dè mí, torí kò mọ ọ̀nà ilé bàbá mi tí a ń lọ.