Sí Bàbá Mi Ọlọ́kọ̀, Lórí Ẹ̀rù Omi àti Ẹ̀rọ Etikan

Bàbá mi, ẹni tó mọ omi bí ẹni mọ ẹ̀yìn ilé rẹ̀,

Ẹ̀rù omi ń bà mí. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ó ti jáde. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún yín, tí mo ń wò ó pé ojú wo ni n ó fi sọ ọ́, èmi tí ẹ ti ń gbé síwájú ọkọ̀ kí n tó mọ ìrìn. Ọmọ ọlọ́kọ̀, ọmọ Ìlàjẹ, tí àyà rẹ̀ ń já tó bá ti gbọ́ tí wọ́n fa okùn ẹ́ńjìnnì. Tí mo bá dé jẹ́tì Igbókòdá báyìí, tí mo rí bí ọkọ̀ ṣe ń mì lórí omi, ẹsẹ̀ mi á kọ̀. Mo máa ń díbọ́n pé bàtà mi ló já.

Kì í ṣe pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ o. Ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú. Lẹ́yìn tí mo bí Ìtùnú, ọmọ-ọmọ yín tí ikú ò jẹ́ kí ẹ rí, mo gbé e lọ sí Etikan kí Ìyá mi lè rí i. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ẹ́ńjìnnì kú níbi tí omi ti fẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Ọkọ̀ kàn ń yí lójú kan. Ọlọ́kọ̀ ń fa okùn, ó ń pòṣé, àwọn èrò ń jẹ gúgúrú. Èmi nìkan ni mò ń wo omi, tí mò ń wo ọmọ, tí mò ń rò ó pé tí ọkọ̀ yìí bá dojú dé, ọwọ́ wo ni n ó fi wẹ̀, ọwọ́ wo ni n ó fi gbé ọmọ? Ni mo bá figbe ta. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n edé lé itan wò mí títí.

"Ìyá ọmọ, ṣé Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé ẹ wá ni?"

Ẹlòmíì tó mọ̀ mí ló dá a lóhùn. "Ìbàdàn kẹ̀! Ọmọ ọlọ́kọ̀ wa àtijọ́ rèé o!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì jí, a gúnlẹ̀ láyọ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti wọ ọkọ̀ mọ́.

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Ara wa le. Ìtùnú ti ń fi ìdí wọ́ kiri inú ilé, gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ ló ń kó sẹ́nu. Bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Òrè, ó ń wálé lópin ọ̀sẹ̀. Rédíò yín tí ẹ máa ń wé sínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án ṣì ń sọ̀rọ̀, tí a bá ti kọ́kọ́ gbá a létí.

Ṣé ẹ rántí Ìyá Oníyìnyín, tí ẹ máa ń bá gbé yìnyín lọ fún àwọn apẹja? Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Igbókòdá báyìí. Wọ́n ti kọ́ ilé yìnyín kan sí Etikan, tó ń lo iná oòrùn, ibẹ̀ sì ni àwọn obìnrin ń kó ẹja sí kí ó má baà bàjẹ́ kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e wá sọ́jà. Àpótí kékeré kan wà lára ògiri tó ń darí ẹ̀rọ náà. Tí iná bá ń ṣe ségesège, àpótí á dá ẹ̀rọ dúró kí ó má baà jó, kò sì ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́ títí ènìyàn á fi pàṣẹ fún un. Bọ̀dá tó ń gbé ibẹ̀ tó ń pàṣẹ náà ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ni Ìyá Oníyìnyín bá pè mí.

"Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Di ẹrù ẹ, kó o lọ máa gbé Etikan ti ẹ̀rọ yẹn. Ìyá ẹ náà ń bẹ níbẹ̀, wọ́n á máa bá ẹ gbé ọmọ. Kí ló tún kù?"

Bàbá mi, kí ni n bá sọ? Tí mo bá ní n kò lọ, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Tí mo bá sì sọ ìdí rẹ̀, gbogbo jẹ́tì ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè, kí n wò ó bóyá mo lè máa pàṣẹ fún àpótí náà láti Igbókòdá níbí. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ pé òun á fi tẹlifóònù pọn omi. Wọ́n ní ó dáa, kí n ṣe é kí ẹja tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lódò. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí n wọ ọkọ̀.

Ẹ ò mọ̀ pé mo kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo wà nínú oyún ni, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ni lẹ́bàá ọjà. Tíṣà la máa ń pè wọ́n. Kíláàsì wọn ni mo ti máa ń sùn lórí tábìlì, wọn ò sì lé mi. Àwọn ni mo sáré lọ bá. Wọ́n ní àpótí Etikan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi ti fóònù, pé ọ̀rọ̀ títẹ̀ ló gbọ́, pé tí mo bá kọ ètò tó lè pè é, ohun tí mo bá tẹ̀ níbí ló máa ṣe lọ́hùn-ún. Wọ́n ní irú ètò bẹ́ẹ̀ wà tí àwọn ẹlòmíì ti ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni tiwọn ń dúró dè. Tiwa gbọ́dọ̀ lè dá yọjú sí àpótí fúnra rẹ̀, kó bi í bí òtútù ṣe rí, kó tún ẹ̀rọ tàn tó bá kú, kí n má baà máa já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é, nítorí mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ gbọ́. Nínú èdè kọ̀ǹpútà tí mo kọ́, Java ni wọ́n ń pè é, a kì í kó gbogbo iṣẹ́ lé ẹnì kan lórí. Ńṣe ni wàá dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀, wàá fún un lórúkọ, wàá sọ ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ àti ohun tó lè ṣe. Mo dá ọ̀kan sílẹ̀ tó ń lọ kan ilẹ̀kùn àpótí, tí kì í jẹ́ kí ọ̀nà já. Òmíràn ń tẹ́tí. Òmíràn ń ru ohun tí mo bá tẹ̀ lọ. Ọ̀kan tó kù ń fi ohun tí a gbọ́ hàn mí lójú kọ̀ǹpútà. Bí inú ọkọ̀ yín náà ló rí: ẹni tó di ẹ́ńjìnnì mú kọ́ ló ń gbọ́n omi, ẹni tó ń gbọ́n omi kọ́ ló dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá.

Mo ṣe é tán, mo ṣí i. Ó kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Àwọn àmì rádaràda kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹsẹ̀ akàn lórí ẹrẹ̀, kò sì sí nǹkan mìíràn. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní òjò ni. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e sórí fèrèsé. Mo pa á, mo tún un tàn. Mò ń jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Oníyìnyín bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ni wọ́n ń sọ̀kò ọ̀rọ̀.

"Ìyàwó ẹ̀rọ, ṣé kò tíì dá ẹ lóhùn? Àbí ẹ jà ni?"

Ẹja sì ti ń pọ̀ lódò. Mo ti ń ká aṣọ ọmọ sínú báàgì lóòótọ́, tí mò ń sunkún sí i, kí Tíṣà tó wá bá mi. Wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹsẹ̀ akàn yẹn.

"Kí lo rò pé èyí jẹ́?"

"Ìdọ̀tí ni, mà."

"Ìdọ̀tí kọ́ o. Ìbéèrè ni."

Wọ́n ní àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, pé tí nọ́ńbà 255 bá ti wọlé, ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà. Àpótí ló ń béèrè: ṣé kí n máa ṣe báyìí? Ṣé ìwọ á máa ṣe tọ̀hún? Kò sì ní sọ ohun mìíràn títí wàá fi fèsì.

Ṣé ẹ rí ohun tí mo ṣe? Bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é. Ẹ ní tí ọkọ̀ ẹni bá gúnlẹ̀ sẹ́nu ilé onílé, kí á jókòó jẹ́ẹ́ sínú rẹ̀ títí onílé á fi ní ká gòkè. Mo ti kọ́ olùtẹ́tí mi pé kó máa dúró de ìkíni. Àpótí ń dúró dè mí, èmi náà ń dúró dè é. Àwa méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún ara wa títí ẹja fi fẹ́ẹ̀ bàjẹ́.

Ibi tóóró tó wọ Etikan ló wá sí mi lọ́kàn, níbi tí koríko omi ti fún ọ̀nà pa, tí ọkọ̀ méjì ò lè pàdé. Ẹ máa ń pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, ẹ ó ká ọwọ́ mọ́ ẹnu, ẹ ó ké sí ẹni tó wà lódìkejì pé ṣé kí ẹ wọlé, àbí òun ló ń bọ̀. Bó bá dáhùn pé òun ò lè yẹ̀, pé ẹrù òun wúwo, kì í dùn yín. Ẹ ó di igi mú, ẹ ó fi súìtì sí mi lẹ́nu, a ó dúró kó kọjá. Ẹni tó gbọ́ tó dákẹ́ ni ẹ máa ń bú.

Ni mo bá dá òṣìṣẹ́ kan sí i, mo pè é ní Olùfèsì. Mo kọ́kọ́ ní kó máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ìbéèrè. Àpótí wọlé sọ́rọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí mo bá tẹ̀ ń yọ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń kólòlò, nítorí mo ti gbà pé kó máa tún ọ̀rọ̀ mi pè lẹ́yìn mi, kọ̀ǹpútà tèmi náà sì ń pè é. Mo wá ní kó máa dáhùn rárá. Rárá, n kò ní ṣe é. Rárá, má ṣe é. Bàbá mi, àpótí ò bínú! Ó kàn fẹ́ kí n dáhùn ni. Ó bi mí lórúkọ, ó gbà mí wọlé, ó sì sọ fún mi pé ẹ̀rọ ti dúró, pé ilé yìnyín ti ń gbóná.

Mo tẹ àṣẹ náà, mo pe Ìyá mi lórí fóònù.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé etí lé ògiri ilé yìnyín."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ṣáà lọ."

Mò ń gbọ́ sálúbàtà wọn lórí pákó. "Ó ń kùn! Ta ló tàn án? Kò sẹ́nì kankan níbí o."

"Èmi ni."

"Níbo lo wà?"

"Igbókòdá."

"Jésù! Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, wọ́n á pè ẹ́ ní àjẹ́."

Ètò náà ti ń dá lọ dá bọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí, tí èmi ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyá Oníyìnyín ní kí n dúró sí Igbókòdá mi. Wọ́n ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ti mọ̀ pé yóò ṣeé ṣe. Ẹ ò rí i bí ara ṣe tù mí tó. Mo tú báàgì ọmọ palẹ̀, mo sì sùn lọ́sàn-án gangan.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá mi wọ ọkọ̀ wá wò wá, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ omi fún wọn. Mo rò pé wọ́n á ká ọwọ́ lérí. Ẹ̀rín ni wọ́n rín títí gèlè fi tú.

"Omi nìkan? Mo ti rò pé oyún mìíràn lo fẹ́ sọ. Bàbá ẹ gan-an, nígbà tí a bí ẹ…"

Wọ́n bá fọwọ́ bo ẹnu. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò sọ. Wọ́n gbé Ìtùnú lé ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ẹnu mi kọ́ lo ti máa gbọ́ ọ. Bi í fúnra ẹ, ó ń gbọ́ ọ níbi tó wà."

Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé yìí nìyẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bí mi, Bàbá mi? Ṣé ẹ̀rù bà yín? Ṣé ẹ̀yin náà dúró lórí jẹ́tì tí ẹsẹ̀ yín kọ̀? Kí ni ẹ ṣe tó fi lọ, àbí kò lọ, tí ẹ kàn ń gbé e wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ tí a ò mọ̀? Ẹnikẹ́ni ò lé mi mọ́, mo lè fara balẹ̀ lọ nígbà tó bá wù mí. Ṣùgbọ́n Ìyá mi fẹ́ kí Ìtùnú wá ṣe Kérésì ní Etikan, mo sì ti ní a máa wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì, ì báà ṣe lójú àlá, kó má pẹ́.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Ìyá Ìtùnú