Bẹ́líìtì Tó Já Lóṣù Kẹjọ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà níbí, bí a bá lè pe èyí tí a wà ní wíwà. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí a kì í rí àfi nínú fóònù. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò sì máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlọ nìkan la mọ̀, ọdún kẹfà rèé tí a ti ń retí àbọ̀. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ọ́, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun.

Ìwé ni mo kọ torí pé fóònù ti sú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ nípa mọ́tò. Ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá ilé wa ní àmì méjì tó di búlúù lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé o ti kà á. Mo ní irọ́ ni, ọmọ tí mo bí kò lè ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó dákẹ́, fóònù yẹn ló ń dá kà á tí kò sọ fún ọ. Kìlọ̀ fún un o, kó yé ka ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ti kú. Nígbà tó dé, o ní òun ni yóò máa ṣe ẹsẹ̀ rẹ nílé, pé kí n máa fi gbé ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. A dúpẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ ti kán lójú ọ̀nà. O rántí pé Ọwọ́-Epo, ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe mẹkáníìkì, ló fi bẹ́líìtì tuntun tí o rà sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní táímìn-bẹ́líìtì, tó ń mú irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yí pọ̀. Ó ní yóò lo ọdún márùn-ún. Oṣù mẹ́jọ ló lò.

Ọjọ́ tó já gan-an ni ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ, bẹ́ẹ̀ dókítà yẹn kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù mẹ́ta. A ti rin ìdajì ọ̀nà kí mọ́tò tó kàn dákẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò ru ẹrù, kò sítáàtì. Ìyá rẹ jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú àpò ìwé ìtọ́jú rẹ̀ lórí itan, títí Ọwọ́-Epo fi gbé alùpùpù rẹ̀ wá kó wa. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà ti palẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n fi gba ọjọ́ mìíràn. Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ ẹni tó sún mọ́ ìyá rẹ jù lọ. Mo wò yíká, mo fi ojú wọn ilẹ̀, mo kọ nọ́ọ̀sì, torí òun ló dúró tì í. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Mo ní ọmọ rẹ̀ kò sún mọ́ ọn. Wọ́n ṣáà kọ nọ́ńbà rẹ, wọ́n pè é lójú wa, o kò gbé e. Ojú òsì ìyá rẹ kò rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ mọ́ báyìí, ọjọ́ tuntun tí wọ́n fún wa sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Inú bí mi. Mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́-Epo, níwájú àwọn tó gbé mọ́tò wọn wá, mo ní ó ta bẹ́líìtì tí ọmọ mi rà, ó fi àlòkù síbẹ̀. Mo pè é ní olè. Àwọn méjì gbé mọ́tò wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́-Epo mú mi lọ sídìí mọ́tò rẹ, tí wọ́n ti fà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ṣí ibi tí wọ́n ń da epo sí lórí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́, ó yọjú wo inú ihò náà, kò sí ohun tó ń yí níbẹ̀. Ó ní bẹ́líìtì ti já nìyẹn. Ó tú ike tó bò ó. Orúkọ tó wà lára páálí tí o fi ránṣẹ́ náà ló wà lára bẹ́líìtì ọ̀hún, kò pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ti wú, epo ti rin ín, eyín rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ká tán bíi tèmi. Ó mú aṣọ funfun, ó nu gbogbo ibi tí epo ti lè jò, aṣọ ṣì funfun. Ó wo ibi tí omi ń gbà, ó gbẹ. Ó wá gbé bẹ́líìtì sí imú. Ó wò mí títí, ó wá rọra ní bàbá, epo yìí kò ti inú ẹ́ńjìnnì jáde, òórùn àbẹ́là ló ń rùn.

O mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lọ àgbàdo fún ará ìlú. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọ̀ mi tó bá ń ké, àbẹ́là ni mo máa ń yọ́ pọ̀ mọ́ epo ẹ́ńjìnnì, màá fi kùn ún, á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ òórùn yẹn bí Ọwọ́-Epo, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́kọ́ di sípánà mú. Nígbà tí mọ́tò rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké láàárọ̀, mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo tú ike náà, mo kùn ún dáadáa, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń kùn ún. Ọwọ́-Epo ní bẹ́líìtì ti ìta ló ń ké, pé ti inú kì í fẹ́ rí epo rárá, epo ní í jẹ ẹ́ run. Èmi ni mo já a, ọmọ mi. Èmi ni mo já a.

Ó jáde sí àwọn oníbàárà tó ṣẹ́kù, ó ní òun lòun ṣàṣìṣe, òun kò dì í dáadáa. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, n kò yanu. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, èmi náà ni mo sì wọ́ ọ lórí. Ohun tó sọ yẹn ni ìyá rẹ gbà gbọ́, kò sì dáhùn ìkíni Ọwọ́-Epo mọ́ látọjọ́ náà. Àràárọ̀ ló ń wá kí i, ìyá rẹ á yí ojú tó ṣẹ́kù sí ògiri.

Bẹ́líìtì nìkan kọ́ la fẹ́ rà o. Nígbà tó já, àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì lu ara wọn, fáàfù mẹ́rin ti tẹ̀. Ọwọ́-Epo ti tú orí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kò gba owó iṣẹ́. Fi owó ohun èlò ránṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ni kí o fi ránṣẹ́ sí, má fi gba ọwọ́ mi. Mo lè tún fi ra àbẹ́là.

Mo kọ ọ́ dé ibí, mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ojú ìyá rẹ ṣì dá, òun ló máa ń ka ìwé mi kí n tó lẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí Ọwọ́-Epo ti tú ike, mo fò ó, mo bọ́ sí ibi owó. Ìyá rẹ mi orí, ó ní mo kọ ọ́ dáadáa, àfi pé mi ò bú Ọwọ́-Epo tó.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ fi mọ́tò rọ́pò ara rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Yóò fún ọ ní ọjọ́ ogbó tí ojú rẹ yóò fi rí i. Wá kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí tó pé, kí o sì mú ìwé yìí dání. Jókòó ti ìyá rẹ, kà á sí i létí látòkè délẹ̀, má fo ibì kankan.

Èmi ni,
Bàbá rẹ