Fìlà Yín Lórí Ìṣó

Bàbá mi tí mo sin sí Imùṣin,

Ẹ má rò pé àdúrà ni mo fẹ́ ṣe. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ èyí, bírò wà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ yọ mí nílé ìwé ní pírámárì fọ́ọ̀. Bí ìwé yìí bá rí wúruwùru, ẹ̀bi yín ni. Àmọ́ ilé ìwé yẹn ò dùn mí mọ́. Èmi tí ẹ ní mi ò ní já mọ́ nǹkan kan, ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù méjì ni mo ní ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo tún ní típà tó ń kó yanrìn. Àwọn tó ka ìwé dé yunifásítì ń pè mí ní sà. Kí lẹ fẹ́ wí sí ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rè é. Bùkọ́lá ọmọ mi, èyí tó máa ń bá yín họ ẹ̀yìn, ti bímọ. Ọkùnrin ni. Oṣù mẹ́rin rè é, mi ò tíì gbé e rí. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n wà, kò jìnnà rárá. Bùkọ́lá ní ọwọ́ tí mo fi na òun títí òun fi pé ogún ọdún kò ní kan ọmọ òun, àfi tí mo bá lọ rí agbaninímọ̀ràn, àwọn tí ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní kánsẹ́lọ̀. Mo ránṣẹ́ pé kí wọ́n sọ ọmọ náà ní Babátúndé nítorí yín. Ó ní orúkọ yẹn ò ní wọ ilé òun, ẹni tó ti lọ kó jókòó síbi tó wà. Ẹ̀yin ló sọ bẹ́ẹ̀ sí o.

Èmi ni mo wá agbaninímọ̀ràn àkọ́kọ́. Oníbàárà mi ni. Ó ní àwọn ọmọ ìwòyí ò gbọ́ràn, mo ní àmín. Ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan péré, ó kọ̀wé fún mi pé mo ti parí. Mo rò pé mo gbọ́n. Bùkọ́lá rí ìwé náà lórí fóònù, ó ní ṣé kì í ṣe ọkùnrin tó fi búlọ́ọ̀kù mi mọ fẹ́ǹsì nìyí. Ló bá fúnra rẹ̀ mú ẹlòmíì fún mi. Obìnrin. Mo lè bí i lọ́mọ.

Mo rò pé ẹjọ́ la fẹ́ rò, bí a ṣe ń parí ìjà nínú ẹbí yín, tí àgbà á jókòó, tí oníkálukú á mú ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá. Mo wọ agbádá. Mo ra sìnáàpù àti obì. Mo mú Múfú dání, fọ́màn mi, ẹni tó ti wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí mo ti ń fi ọwọ́ po sìmẹ́ǹtì, kó wá jẹ́rìí pé èèyàn dáadáa ni mí.

Yàrá náà ò ju yàrá lọ. Àga mẹ́ta, fáànù kan, páálí tíṣù lórí tábìlì, bíi pé wọ́n ti mọ̀ pé èèyàn á sunkún. Mo jókòó sórí àga tó tóbi jù. Ti agbaninímọ̀ràn náà ni. Ó fa kékeré, ó jókòó. Ó rọra gbé sìnáàpù padà sẹ́sẹ̀ mi, ó ní iṣẹ́ àwọn ò fàyè gbà á. Ó ní ohun tí mo bá sọ níbẹ̀ ò ní jáde, àfi tí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Ó ní òun ò ní dá ẹjọ́, òun ò sì ní gbàdúrà fún mi.

“Kí wá ni mo wá ṣe?”

“Ẹ wá sọ̀rọ̀ ni, sà.”

“Kí n sọ̀rọ̀ fún ìwọ? Ṣé o tiẹ̀ ti lọ́kọ?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, sà.”

Ó ní àwọn kì í gba ẹlẹ́rìí. Mo yarí. Ó ní ó dáa, ìṣẹ́jú márùn-ún. Múfú dìde dúró bíi pé ó wà ní kóòtù.

“Àǹtí, ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọn kì í dédé lu èèyàn rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ aago ọwọ́ wọn, wọ́n á gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Tá a bá ti rí aago lórí búlọ́ọ̀kù, ẹni tó bá gbọ́n á ti fẹsẹ̀ fẹ. Ẹni tó bá dúró, ẹ̀bi tiẹ̀ ni.”

Ó wá ń wò mí, ó ń retí kí n yìn ín. Ọ̀dẹ̀.

Ọmọbìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ dúró níta. Ó yíjú sí mi.

“Sà, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rí i, kí èèyàn máa bọ́ nǹkan sílẹ̀ kó tó nawọ́?”

Inú bí mi. Mo fẹ́ bú u. Ìgbà tí mo máa wo tábìlì, aago mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣù. Bàbá mi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ ọ. Òun náà rí i. Kò sá. Àmọ́ ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Bíńtín báyìí. Mo mọ bíńtín yẹn. Bí Bùkọ́lá ṣe máa ń sún nìyẹn.

Fìlà yín ni mo rí. Ẹ ó ṣí i lórí, ẹ ó fẹ́ eruku ara rẹ̀, ẹ ó fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára pẹ̀lẹ́. Ẹ ò pa orí wa lára bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ó ní kí n lọ ṣẹ́ pàṣán wá fúnra mi. Tẹ́ ẹ bá nà mí tán, ẹ ó fi mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí n ó fi sọ pé, “Ẹ ṣé, Bàbá mi.” Lọ́jọ́ tí egungun ọwọ́ òsì mi ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́, nítorí ẹ ní ẹ ò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ṣé lóòótọ́ lẹ ò gbọ́?

Tó bá dalẹ́, ẹ ó ha ìdí ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, ẹ ó fi sí mi lọ́wọ́, ẹ ò ní wò mí lójú. Ṣé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn? Bàtà lèmi máa ń rà fún Bùkọ́lá. Kò wọ ìkankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ mú yín, èmi ni mò ń wẹ̀ yín, gbogbo Imùṣin ń yìn mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ẹ tọ̀ sí mi lára, mo sì bọ́ aago mi. Mi ò lù yín. Àmọ́ ẹ rí i tí mo bọ́ ọ, ẹ di ojú yín pinpin, bíi ti ọmọdé. Mo jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Màlúù méjì tí mo pa nísìnkú yín ò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí, kí n wá kà á sétí òun lọ́jọ́bọ̀. Mo bi í bóyá ìyẹn á jẹ́ kí n gbé ọmọ. Ó ní òun ò lè ṣèlérí, Bùkọ́lá ló ni ìyẹn. N ó ka gbogbo rẹ̀, àti ti ojú tí ẹ dì. Mi ò de aago mọ́. Múfú ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá ó bàjẹ́ ni.

Ẹ ò bá ti máa retí kí n dúpẹ́ báyìí, kí n tó lè dìde. Mi ò dúpẹ́. Mo ti dìde.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì fẹ́ràn ìdí ìkòkò yín.