Àpò Lẹ́tà Rúkáyà

Àlàmísì, lẹ́yìn Màgàrìbì.

Àpò lẹ́tà Rúkáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Tèmi, ìwé méjì péré ló wà nínú rẹ̀.

Màdáàmù tó ń bá àwa nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ sọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ má baà tán wa lókun, ló ní kí kálukú kọ ohun rere tó rí lára ẹnìkejì, kó fi sínú àpò lẹ́tà onítọ̀hún. Ó ní ara á tù wá.

Ara ta ló tù? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò ní wọ́ọ̀dù yẹn. Èmi ni mo kọ́ Rúkáyà bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lápá tí abẹ́rẹ́ ti bà jẹ́. Àmọ́ òun ló mọ ẹ̀rín ín rín.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sílé ní Tanke, ó ń ka tiẹ̀, eyín ò wọlé. "Àǹtí, kí ni wọ́n kọ sí tiyín?"

Mo ní ó dilé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni. Ọ̀kan ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Èkejì, ọwọ́ Rúkáyà ni: "Lọ́jọ́ tí Àlàájà tí a jọ ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù kú, mo sá wọ sítọ́ọ̀ lọ sunkún. Ẹ wá mi débẹ̀, ẹ kàn padà lọ bá mi ṣe iṣẹ́ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ yín ni mi ò fi fiṣẹ́ sílẹ̀."

Mi ò wá a débì kankan. Ẹkún tèmi ni mo fẹ́ lọ sun. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a níbẹ̀, mo fìbínú padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ṣe tèmi ṣe tiẹ̀: ibi ẹkún pàápàá, ó ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.