Ìṣó Sàárà Tí Mo Kàn Mọ́ Páìpù Èéfín

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà láti ìgbà Iléyá tí ẹ ti gbọ́ ohùn mi kẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀yin àti màmá mi, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, àtàgbà àtọmọdé. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà yìí sí, nítorí méjì tí mo fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ̀ pé Kàmọ́rù àbúrò mi á ṣáà kà á fún yín ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Bẹẹrẹ. Kàmọ́rù, rọra kà á, má fo ibì kankan.

Bí mo bá ní àlàáfíà ni mo wà, irọ́ ni mo pa. Ara le, ṣùgbọ́n agbára mi ti pin.

Apá òkè Amẹ́ríkà tí mo wà yìí, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọyẹ́ tí ń bó ètè wa ní Màpó. Omi inú ife máa ń dì lórí tábìlì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé ògbólógbòó kan ni a sì háyà. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé náà gbóná bàjẹ́ kí òtútù tó dé, onílé ní kí a má wo ojú òun. Igi ni gbogbo àdúgbò fi ń dáná. Sìkírà ìyàwó mi ní kí a pe oníṣẹ́. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ọmọ akanpáànù kì í pe ẹlòmíràn wá sórí ilé ara rẹ̀.

Mo ra ààrò onírin kan ní àlòkù, irú èyí tí wọ́n ń tì sínú ògiri níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń dáná. Ó ní ilẹ̀kùn onígíláàsì tí èèyàn fi ń wo iná. Ihò èéfín ilé náà ti sán nínú, nítorí náà ẹni tó ta ààrò fún mi ní kí n ki páìpù irin sínú rẹ̀ láti orí òrùlé títí dé orí ààrò. Mo gun àkàbà lọ sókè, mo ń so páìpù náà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin ni mo ń rò. Mo rántí ohun tí ẹ kọ́ mi lórí òrùlé ní Kudeti, pé òkè ní í bo ìsàlẹ̀, páànù òkè ni kí ó gun ti ìsàlẹ̀ kí òjò má baà ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Mo fi ẹnu páìpù òkè bo ti ìsàlẹ̀ ní gbogbo oríkèé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ìṣó wọn níbí, irinṣẹ́ kan tó dà bí ẹ̀mú ni wọ́n fi ń fún un mọ́ irin, tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́. Mo kan mẹ́ta mẹ́ta sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà mo fi ẹyọ kan lé e lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ẹ máa ń pè ní sàárà onílé.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná, ilé gbóná débi pé Sìkírà bọ́ kóòtù. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ wa, tí ẹ sọ ní orúkọ ìyá yín, rá kòrò wá síwájú gíláàsì, ó ń rẹ́rìn-ín sí iná. Inú mi dùn, mo ń fọ́nnu kiri ilé.

Kò pé oṣù kan tí omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wá sára ògiri. Ó ki bí ọ̀dà, ó ń rùn. Èéfín ń wọlé, ọmọ ń wúkọ́. Òyìnbó arúgbó kan tó jẹ́ aládùúgbò wa, tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, wá bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mi orí títí. Ó ní orí ni mo fi gbogbo páìpù náà sọlẹ̀. Ó ní ẹnu páìpù òkè ló yẹ kó wọ inú ti ìsàlẹ̀, nítorí pé èéfín tó bá tutù á di omi, inú páìpù ni omi náà sì gbọ́dọ̀ gbà padà sínú iná. Èmi mú kí ó máa gba ẹ̀yìn páìpù ṣàn, tí iná bá sì ràn án, ilé á jó. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣáná sí i mọ́. Bàbá, èmi rò pé òjò nìkan ni òrùlé ń sá fún. Mi ò mọ̀ pé èéfín náà ń rọ̀.

Mo ní kí á tú u. Ó béèrè pé ìṣó mélòó ni mo kàn, mo ní mẹ́rin mẹ́rin. A fà á láti òkè, kò mì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni yìnyín bo orí ilé, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gùn ún mọ́ títí yóò fi yọ́. Ìyẹn á tó oṣù mẹ́ta.

Sìkírà gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ìlú tí ọkọ̀ ń fi odidi ọjọ́ kan dé. Kò bá mi jà. Ó kàn ní òun ò lè jẹ́ kí àyà ọmọ òun bàjẹ́ nítorí pé mo jẹ́ ọmọ akanpáànù, àti pé tí ilé bá ti gbóná, òun á padà. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn, kí la ó máa jẹ? Èmi nìkan ló kù nínú ilé yìí, mo wọ kóòtù méjì, mo jókòó síwájú ààrò tí mi ò lè dáná sí. Mo ń sunkún, kí n má purọ́. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ.

Lánàá, Sìkírà sọ lórí tẹlifóònù pé Àbẹ̀kẹ́ dìde dúró, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjì. Mi ò sí níbẹ̀.

Ẹ máa ń sọ pé páànù kì í jò, ẹni tó kàn án ló ń jò. Èmi ni mò ń jò báyìí. Ẹ má rò pé mò ń dá yín lẹ́bi, ohun tí ẹ kọ́ mi dára, Kudeti ló ti dára. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ kọ́ mi bí a ṣe ń kan ìṣó sàárà, báwo la ṣe ń yọ ọ́? Mo ronú títí, mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n ní kí ẹ wá tú òrùlé tí ẹ kàn.

Ẹ bá mi ṣe àdúà. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ìjì kò ní ṣí òrùlé lórí yín, ẹ ó fọwọ́ gbé Àbẹ̀kẹ́ jó. Ẹ bá mi kí àwọn ará mọ́sáláásì àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Kàmọ́rù, mo ní kí o má fo ibì kankan. Ṣùgbọ́n tí o bá ń kà á fún màmá wa, sọ fún wọn pé ọmọ ọmọ wọn ti ń rìn, kí o sì sọ pé mo rí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Rásákì